Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, ẹni tó ní kí Ọ̀rúnmìlà wá jókòó ti Socrates

 

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la yunifásítì kọjá nílẹ̀ yìí á rántí kọ́ọ̀sì GST kan tí wọ́n ń pè ní Philosophy and Logic. Gbogbo wa la máa ń ṣe é, àtẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àtẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó. Ẹ ra hándáùtù, ẹ há orúkọ sórí: Thales, Socrates, Plato, Aristotle, Descartes. Ẹ jókòó sínú gbọ̀ngàn ńlá tí èèyàn ti kún, ẹ ṣe ìdánwò, ẹ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, orúkọ Yorùbá mélòó lẹ rí nínú hándáùtù yẹn? Ní tèmi o, mi ò rí ẹyọ kan. Ìgbà tí mo ń ka nǹkan mìíràn fún kọ́ọ̀sì ìtàn tí mò ń ṣe ni mo ṣalábàápàdé orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, mo sì rí i pé ìtàn rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa báyìí. Mo máa dé orí ọ̀rọ̀ yẹn láìpẹ́.

Ká tètè sọ ọ́, ọmọ ìlú wa kọ́ ni. Ọmọ Ìgbàrà-Òkè ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà. Kí àwọn ará Ìgbàrà-Òkè má wá fẹ̀sùn kàn wá pé a jí ọmọ wọn. Ẹ má sì bínú pé "ó" ni mò ń lò fún un. Bí ìwé ìtàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ká ní iwájú wọn ni mo wà ni, orí ìkúnlẹ̀ ni màá wà.

Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Mo wo kàlẹ́ńdà ọdún náà, ọjọ́ Àìkú ni, ó sì bá orúkọ rẹ̀ mu rẹ́gí: Abọ́sẹ̀dé. Orúkọ kejì ló wá ní ìtàn nínú. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣèrìbọmi fún un, tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa pè é ní Sophia nítorí pé orí ọmọ náà pé. Sophia ni àwọn Gíríìkì ń pe ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló wà nínú philosophy, ìyẹn ìfẹ́ ọgbọ́n. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ nígbà yẹn pé iṣẹ́ tí ọmọ náà máa ṣe títí ọjọ́ alẹ́ ló wà nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Kò tètè débẹ̀ o. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́bìnrin ní Iléṣà ló kọ́kọ́ lọ, ó sì ṣiṣẹ́ tíṣà. Ó lọ́kọ. Ní àwọn ọdún 1960, ó bá ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Rọ́ṣíà, ó dé Jámánì, ó dé Amẹ́ríkà, kó tó padà wálé, kó tó wọ Yunifásítì Èkó. Ìtàn, jọ́gíráfì àti fìlọ́sọ́fì ló kọ́kọ́ ń kọ́ níbẹ̀, nígbà tó yá ó mú fìlọ́sọ́fì nìkan. (Ó fi ẹ̀kọ́ ìtàn tiwa sílẹ̀. Mo ti dárí jì í.) Ọdún 1970 ló gba oyè àkọ́kọ́, nígbà tó ti di ẹni ọdún 35. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọjọ́ orí yín ti kọjá ẹni tó ń kàwé, ẹ gbọ́ o.

Kí ni fìlọ́sọ́fì yìí gan-an? Àwọn kan ń pè é ní ìmọ̀ òye. Nílé wa, bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ gba ìwọlé láti kọ́ ọ, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Pẹ̀lẹ́, ṣé Law ni wọn ò fún ẹ?" Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣàjèjì. Wọ́n máa ń bi ara wọn pé kí ni òótọ́, báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni, kí ló mú kí ìwà kan dára kí òmíràn burú. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé o ò lè kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. O gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀, kí ẹlòmíì sì lè bá ọ jiyàn.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1945, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, ọmọ Belgium tó ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, Placide Tempels, tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tó pè ní fìlọ́sọ́fì àwọn Bantu. Ó yin àwọn èèyàn náà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo wọn ń ronú bákan náà, àfi bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń ta ko ẹnì kejì rẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí àwa fúnra wa wá ní ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn kan nínú wọn bínú sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Paulin Hountondji ti orílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé rẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983, ní ohun tí a lè pè ní fìlọ́sọ́fì Áfíríkà ni ìwé tí àwọn ọmọ Áfíríkà fọwọ́ ara wọn kọ. Peter Bódúnrìn ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1981 lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Kò sọ pé ẹni tí kò kọ̀wé kò lè ronú. Ohun tó ń sọ ni pé ọgbọ́n tí gbogbo ìlú jọ ní, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ ọ́, tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì di fìlọ́sọ́fì. Kwasi Wiredu láti Ghana náà ní kí wọ́n má fi ìgbàgbọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ilẹ̀ Áfíríkà wéra pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì àwọn òyìnbó, nítorí pé àwọn òyìnbó pẹ̀lú ní ìgbàgbọ́ àtọwọ́dọ́wọ́ tiwọn.

Ẹ má tètè bú àwọn bàbá wọ̀nyí pé ọpọlọ òyìnbó ni wọ́n ń lò. Mo ka ọ̀rọ̀ wọn, ó ní láárí. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ohun tó rọrùn tan àwa aláwọ̀ dúdú, kí òyìnbó ní Plato, kí àwa ní "àwọn àgbà sọ pé", kí wọ́n sì ní ó tó wa bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ta ló sọ ọ́? Kí nìdí tó fi sọ ọ́? Ta ló ta kò ó?

Sophie Olúwọlé kò sá fún ìbéèrè náà. Ọ̀nà tó gbà ni pé ó lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ni ìdáhùn kò sí.

Ní 1978, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé rárá, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bóyá àjẹ́ wà. Second Order ló ti jáde, ìyẹn ìwé ìròyìn ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1972. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin máa kọ́kọ́ gbé síwájú àwọn ọ̀gá! Kò sọ pé ká gba gbogbo ìròyìn àjẹ́ gbọ́. Ohun tó ń bá wọn jà lé lórí ni pé èèyàn kò lè fi ọ̀rọ̀ kan dànù kìkì nítorí pé sáyẹ́ǹsì tí a ní lónìí kò tíì rí àlàyé rẹ̀. Yíyẹ̀ ẹ́ wò ni iṣẹ́ onímọ̀. Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i kò tíì ṣiṣẹ́, ẹni tó gbà á gbọ́ láìwádìí náà kò tíì ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló dé ọ̀rọ̀ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìrònú Yorùbá ló fẹ́ kọ ọ́ lé lórí. Kò rí ẹni tó máa bójú tó o. Ó di dandan kó wá orí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá mọ̀, ló bá kọ ọ́ lórí òfin tí àwọn òyìnbó ń pè ní Golden Rule: ohun tí o kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ, má ṣe é sí ẹlòmíì. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, ẹ̀rín pa mí, inú sì tún bí mi. Ta ni nínú wa tí wọn ò tíì sọ fún nílé pé ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò kó mọ bó ṣe ń dunni tó? Òfin kan náà nìyẹn o, tèwe tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ gboyè lórí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni kó o bá débẹ̀.

Ó gba oyè náà ní 1984, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fìlọ́sọ́fì ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan jáde nínú The Nigerian Journal of Philosophy, tó ń fi hàn pé ìdí àti ìrònú wà lábẹ́ ìwà tí Yorùbá ń pè ní rere. Ohun tí kò rí alábòójútó fún, òun fúnra rẹ̀ ló bójú tó o.

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, kí n mú ọ̀rọ̀ tiwa wọ̀ ọ́.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá, ẹ̀ka ọ̀dọ́ bẹ ilé pé kí ẹgbẹ́ fún wa lówó díẹ̀ ká fi ra ẹ̀rọ tí a ó máa fi gba ohùn àwọn àgbà ìlú sílẹ̀, ká sì rí owó ọkọ̀ fún àwọn tó máa lọ bá wọn nílé. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an dìde. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi òwe àti ìtàn ẹnu ṣe, ṣé ìyẹn náà ló ń jẹ́ ìmọ̀? Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìmọ̀ là ń wá lóòótọ́, ká kó owó yẹn ra fọ́ọ̀mù JAMB fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Láti ìgbà yẹn, àgbà méjì tó wà lórí ìwé wa ti papò dà, ẹ jẹ́ ká jẹ́ olóòótọ́ síra wa, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nǹkan kan kí wọ́n tó lọ.

Mi ò fẹ́ bá bàbá wa jà. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá kò yàtọ̀ sí èyí tí Bódúnrìn àti Hountondji ń bi. Mi ò sì sọ pé fọ́ọ̀mù JAMB kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ìdáhùn wà, iṣẹ́ Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára ibi tí a ti lè rí i.

Ẹ wo ohun tí J. Olúbí Ṣódípò àti òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Barry Hallen, ṣe ní Ifẹ̀. (Ṣódípò yìí ló padà di gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè.) Wọ́n lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọn ò bi wọ́n nípa ewé àti egbò nìkan, wọ́n bi wọ́n pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn "mọ̀" àti kéèyàn "gbàgbọ́". Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà ní ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, òun lèèyàn lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fúnni, tí a gbọ́ tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, ó dìgbà tí a bá dán an wò tó sì rí bẹ́ẹ̀ kó tó di ìmọ̀. Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ "gbàgbọ́" fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́: gbà, gbọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, èmi lè sọ pé mo "know" pé ọdún 1861 ni àwọn òyìnbó gba Èkó. Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò. Lójú àwọn oníṣègùn yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, mo gbà á gbọ́ ni. Tá a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé kò tíì kọjá ìgbàgbọ́. Àwọn tí wọ́n ń pè ní púrúǹtù ló ń gbé òṣùwọ̀n tó le jù yìí kiri.

Èyí ni irú iṣẹ́ tí Olúwọlé ń jà fún. Ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Èkó, ó sì ń tẹ ìwé léraléra: Readings in African Philosophy ní 1989, tó kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ jọ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan kà yàtọ̀ sí ti Gíríìkì. Ọdún 1992 ló tún padà sórí ọ̀rọ̀ àjẹ́, ó fi àtúnwáyé kún un. Ní 1993 ó kọ nípa ipò obìnrin nínú ìrònú àtijọ́ Yorùbá. Mi ò ní ka gbogbo wọn síbí.

Èyí tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni Socrates and Orunmila, tó jáde ní 2014, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti ń lọ sí ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe lọ. Socrates, ará Athens, tí wọ́n fún ní májèlé mu ní ọdún 399 kí wọ́n tó bí Jésù, ni gbogbo ayé ń pè ní bàbá fìlọ́sọ́fì. Ìwé mélòó ló kọ? Kò kọ ẹyọ kan. Ẹnu ló ń lò, lọ́jà, lójú pópó. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, Plato ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, Xenophon náà kọ tirẹ̀, Aristophanes sì fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú eré orí ìtàgé. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ kò sì bára mu tán. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú hándáùtù. Ọ̀rúnmìlà náà kò kọ̀wé. Ohun tí a ní ni odù Ifá, 256, pẹ̀lú ẹsẹ tó wà nínú odù kọ̀ọ̀kan, tí àwọn babaláwo ń há sórí láti ìran dé ìran. Olúwọlé ní tí àìkọ̀wé kò bá ba ti Socrates jẹ́, kí ló dé tó fi ní láti ba ti Ọ̀rúnmìlà jẹ́?

Ó gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń wo ohun tí wọ́n sọ nípa ìmọ̀, ìwà, ìṣèjọba. Ohun kan tó tẹnu mọ́ gan-an ni pé púpọ̀ nínú ìrònú àwọn òyìnbó máa ń ya nǹkan sọ́tọ̀, ara níhìn-ín, ẹ̀mí lọ́hùn-ún, kí wọ́n wá máa jiyàn nípa èwo ló jẹ́ òótọ́. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tibi tire, tako tabo: ìkan kò lè wà kí èkejì má sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti ń dọ́gbọ́n wo ọ̀tún wo òsì pé, "Ifá ló tún fẹ́ kó wọlé yìí?" Kì í ṣe ẹbọ ló ní ká rú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ka Plato láìbọ àwọn òrìṣà Gíríìkì ló ní ká máa ka odù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ń tẹ ẹsẹ Ifá jáde láti nǹkan bí 1968, àjọ UNESCO sì ti fi Ifá sí ara àwọn ogún ńlá ọmọ aráyé ní 2005. Ìwé wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà.

Àwọn onímọ̀ kò gbà á fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá. Àríwísí tó wúwo jù lójú mi nìyí: Socrates jẹ́ ẹnì kan, àwọn tó bá a jẹun ló kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ńkọ́? Ẹsẹ Ifá ti la ọwọ́ ọ̀pọ̀ babaláwo kọjá, ìran lẹ́yìn ìran, àwọn kan sì ń fi tuntun kún un. Èwo ló ti ẹnu Ọ̀rúnmìlà jáde? Èwo ló ti ẹnu ẹlòmíì? Olúwọlé gbà pé èèyàn gidi ni Ọ̀rúnmìlà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹ̀rí tó mú wá tó láti pa ẹnu àwọn tó ń ṣiyèméjì mọ́. Ìbéèrè mìíràn tún wà: kí ló dé tó fi jẹ́ pé Socrates la fi ń wọn Ọ̀rúnmìlà? Mo lérò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọjà tí wọ́n ti ń ná owó Gíríìkì ló wà, owó yẹn náà ló fi san án.

Ṣùgbọ́n tí a bá tilẹ̀ fi ti Ọ̀rúnmìlà sílẹ̀, èyí tó kù tó wa í lò. Àpẹẹrẹ tèmi rèé, kì í ṣe tirẹ̀. A ní òwe kan tó ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ máa ń fi yẹn pa wá lẹ́nu mọ́ nípàdé, ẹ má purọ́. A tún ní òmíràn tó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ la máa ń fi ìyẹn fèsì. Ẹ wò ó dáadáa: òwe méjì yìí kò bára wọn sọ ohun kan náà. Ìkan ní ìrírí ló ń bí ìmọ̀, ọjọ́ orí sì ni ìrírí. Èkejì ní ìmọ̀ ń bẹ níbi gbogbo tí orí bá wà. Àríyànjiyàn nìyẹn! Ẹnì kan sọ tirẹ̀ nígbà kan, ẹlòmíì sì dìde pé rárá o. Ohun tí a kò ní ni orúkọ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àwọn baba wa kì í jiyàn, gbogbo wọn ní èrò kan náà, kò tíì fetí sílẹ̀. Ẹni tó sì ń ka òwe kan ṣoṣo jáde pé "bí Yorùbá ṣe gbà nìyí", òun náà ò tíì fetí sílẹ̀.

Olúwọlé tún ní ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí àwọn òbí gbọ́, ọ̀rọ̀ èdè. Ó ní fífi èdè àjèjì kọ́ ọmọ láti kékeré ń dí ìrònú rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe òun nìkan ló sọ ọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ lọ wo ara ògiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó wà ní ìlú wa, kí ẹ rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa "fànákúlà".

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, kò jókòó. Ó dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àṣà àti ìdàgbàsókè ilẹ̀ Áfíríkà, ó ń lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi Yorùbá tó já geere sọ ohun tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú ìwé. Wọ́n sọ ọ́ ní Màmáláwo, tí í ṣe obìnrin babaláwo, kò sì bínú sí i. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2018 ló papò dà, ẹni ọdún 83.

Tí ẹ bá bi mí pé kí la fẹ́ ṣe tó yàtọ̀ sí kíkó òwe jọ, ohun tí a ti tò sílẹ̀ rèé. Ìbéèrè mẹ́ta ti àwọn tó ń bá Olúwọlé jiyàn gan-an la fẹ́ lò. Gbogbo ohùn tí a bá gbà sílẹ̀, orúkọ ẹni tó sọ ọ́ máa wà lórí rẹ̀, àti agboolé rẹ̀, àti iṣẹ́ tó ṣe láyé. Kò ní sí "àwọn àgbà sọ pé" mọ́. Tí bàbá kan bá sọ bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ lẹ́bàá odò, a ó bi wọ́n bóyá ojú wọn ló rí i àbí wọ́n sọ ọ́ fún wọn, ta ló sọ ọ́, a ó sì kọ "mọ̀" tàbí "gbàgbọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àwọn oníṣègùn Ṣódípò ṣe là á kalẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà nílẹ̀ ní ìlú yìí kò kéré, ẹ̀yin náà mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tó. Tí wọ́n bá pa òwe kan, a ó bi wọ́n léèrè ìdí, a ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Tí ẹni yẹn bá ṣì wà láàyè, ilé rẹ̀ la ó gbà lọ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ìyá wa náà wà nínú rẹ̀ o, a ò ní lọ bá ọkùnrin nìkan.

Fóònù àwọn ọ̀dọ́ méjì la fi ń bẹ̀rẹ̀ ná, títí ilé yóò fi pinnu lórí owó ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nílé, kó fi orúkọ wọn, agboolé wọn àti àkókò tí ara wọn máa ń yá jù láàárín ọjọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ lè fi WhatsApp bi wọ́n léèrè láti ibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wa. Àwọn tí òtútù ń mú, tí kì í lè sọ̀rọ̀ pẹ́, àwọn la máa kọ́kọ́ lọ bá.